Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ọ́kẹ́sítírà: ibi tí orin kilásíkà àti orin fíìmù ti pàdé

Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn fẹ́ràn orin ló máa ń béèrè pé: ṣé kí ọmọ mi lọ kọ́ orin kilásíkà ni, àbí kó lọ kọ́ orin fíìmù tó bá ayé òde òní mu? Wọ́n rò pé ọ̀nà méjì ni, pé ẹni tó bá gba ọ̀kan ti fi èkejì sílẹ̀. Mo fẹ́ là á yé yín pé ọ̀nà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ó yà nígbà tó gùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó láàárín ọ́kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn olóhun èlò orin, tó ń gba orin fíìmù sílẹ̀ ní London tàbí ní Los Angeles, inú orin Mozart, Beethoven àti Brahms ló máa gbà kọjá kó tó débẹ̀. Àwọn ohun tí fíìmù nìkan ń béèrè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń kọ́ wọn lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Nígbà tí orin ńlá bá ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ̀ ń gbọ́. Aṣẹ̀dá orin ni ẹni tó ro orin náà jáde. Òun àti olùdarí fíìmù á jọ jókòó wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á pinnu ibi tí orin ti máa wọlé, ibi tó ti máa jáde, àti ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ti sàn ju orin lọ. Lẹ́yìn náà ló máa kọ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà lórí kọ̀ǹpútà, kí olùdarí lè gbọ́ bó ṣe máa rí ṣáájú. Ẹlòmíì wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti pín orin yẹn fún àwọn ohun èlò: èyí tí fayolín máa mú, èyí tí fúlúùtù máa gbà, èyí tí ṣẹ́lò máa gbé nísàlẹ̀. Ẹlòmíì tún ń tẹ ìwé orin olúkúlùkù jáde. Adarí ọ́kẹ́sítírà ń dúró níwájú wọn. Àwọn tó ń ta okùn, tó ń fọn fèrè, tó ń lu ìlù ló wá gbẹ̀yìn. Ẹnì kan lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. John Williams, tó kọ orin fíìmù Star Wars, máa ń darí orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ pé orin fíìmù ló wu òun, ẹ bi í pé èwo nínú wọn ló ní lọ́kàn, torí ẹ̀kọ́ aṣẹ̀dá orin àti ẹ̀kọ́ ẹni tó ń ta fayolín kì í ṣe ọ̀kan náà. Orí àwọn tó ń lo ohun èlò ni màá dúró lé jù nínú àlàyé yìí. Àwọn ló pọ̀ jù, ẹnu kì í sì í sábà kàn wọ́n.

Ọ́kẹ́sítírà ńlá máa ń ní ènìyàn bíi 80 sí 100. Àwọn olókùn ló gba ààyè jù níbẹ̀: fayolín ìkíní, fayolín ìkejì, fíólà, ṣẹ́lò, dọ́bù béèsì. Àwọn fèrè bíi fúlúùtù, óbò, kilarinẹ́ẹ̀tì àti básúùnù jókòó sí àárín, àwọn onídẹ bíi họ́ọ̀nù, tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì àti tròḿbóònù tẹ̀lé wọn, àwọn onílù sì wà lẹ́yìn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, óbò á fọn ohùn kan ṣoṣo, gbogbo wọn á sì tún ohùn tiwọn ṣe bá a.

Ọmọ tó mọ fayolín ta dáadáa nínú yàrá rẹ̀ kò tíì mọ ọ́kẹ́sítírà. Nínú ìsọ̀rí tí ènìyàn 14 ti ń ta fayolín ìkíní, kò gbọdọ̀ sí ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ máa yọ sí ìta. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta okùn gbọ́dọ̀ lọ sókè pa pọ̀, kó sì bọ̀ sísàlẹ̀ pa pọ̀. Ẹni tó jókòó ṣáájú ìsọ̀rí ló ń pinnu èyí, àwọn tó kù á fi pẹ́ńsù sàmì sí i nínú ìwé wọn. Àwọn tó wà ní fayolín ìkejì àti fíólà kì í sábà ní ohùn tí ará ìta máa rántí bó bá délé, síbẹ̀ àwọn ló ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá mọ agbo dùndún á mọ ohun tí mò ń sọ: ìyáàlù ló ń fọhùn, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá ṣìlù, ìyáàlù ò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìdúró jẹ́jẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Símfónì ni orin ńlá tó ní apá púpọ̀ fún ọ́kẹ́sítírà. Nínú Símfónì Karùn-ún ti Beethoven, àwọn tó ń fọn tròḿbóònù kì í fọn nǹkan kan títí di apá kẹrin, tó jẹ́ apá ìkẹyìn. Wọ́n á jókòó fún apá mẹ́ta gbáko, ẹnu á ti tutù, irin á ti tutù, wọ́n á sì wọlé pẹ̀lú agbára lójú ibi tó yẹ gan-an. Ọ̀dọ́ tí kò bá kọ́ bí a ṣe ń dúró bẹ́ẹ̀, tó ń fi ọkàn ka ìlù, tó ń fetí sí ohun tí àwọn yòókù ń ṣe kó lè mọ ibi tó wà, kò lè wúlò fún adarí kankan.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Olùkọ́ kan máa ń gba ọmọ lẹ́nìkan ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á jókòó lọ́tọ̀ láti tún ibi tó le ṣe, kí gbogbo ọ́kẹ́sítírà tó pàdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jáde níwájú èrò. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ á tún máa há àwọn ibi tó le jù nínú àwọn orin ńlá sórí, nítorí àwọn ibẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè níbi ìdánwò ìgbàwọlé. Àwọn tó ń ta fayolín mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin Don Juan ti Richard Strauss bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ́kẹ́sítírà Amẹ́ríkà, aṣọ ìkélé ni wọ́n ń ta sáàárín ẹni tó ń ṣe ìdánwò àti àwọn tó ń gbọ́ ọ, kí wọ́n má baà mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, dúdú tàbí funfun. Mo fẹ́ràn ètò yẹn púpọ̀.

Wàyí o, sitúdíò fíìmù.

Ní ilé orin, ọ́kẹ́sítírà á ti fi ọjọ́ mélòó kan dán orin wò kí èrò tó wá gbọ́. Ní sitúdíò, àwọn olóhun èlò kì í sábà rí ìwé orin náà títí wọ́n á fi jókòó. Wákàtí 3 ni sáà iṣẹ́ kan sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á ka orin náà lójú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, adarí á ṣàtúnṣe ibì kan tàbí méjì, iná pupa á tàn, ó di gbígbà sílẹ̀ nìyẹn. Ìgbà mélòó kan ni wọ́n máa tún un ṣe kí wọ́n tó ṣí ojú ewé sí òmíràn. Nítorí náà, kíka nóòtì (àmì tí wọ́n fi ń kọ orin) lójú ẹsẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ fíìmù ń béèrè, kò sì sí ọgbọ́n àrékérekè kan tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ti ka orin ọ̀pọ̀ ọdún láti ọwọ́ oríṣiríṣi aṣẹ̀dá orin, ojú rẹ̀ ti mọ bí nóòtì ṣe máa ń tò. Ibí yìí gan-an ni orin kilásíkà ti ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà.

Ohun kejì ni kílíìkì. Olúkúlùkù gbé hẹ́dífóònù sétí, ìró kékeré kan sì ń lù nínú rẹ̀ láìdúró. Ìdí tó fi wà ni pé àwòrán kì í dúró de olórin. Fíìmù máa ń lọ ní àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù kan bọ́ sí àwòrán 12 gẹ́lẹ́. Ká ní ilẹ̀kùn kan gbá nínú fíìmù náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10 tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Aṣẹ̀dá orin mọ̀ pé lẹ́yìn ìlù 20 ni, ó sì lè kọ ọ́ kí gbogbo àwọn onídẹ bú jáde lórí ìgbá ilẹ̀kùn yẹn. Bí ọ́kẹ́sítírà bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́, àwòrán 12 ti lọ, ojú èrò á sì rí i pé orin àti ilẹ̀kùn kò bára mu.

Púpọ̀ nínú àwọn olóhun èlò máa ń bo etí kan, wọ́n á ṣí èkejì sílẹ̀: ọ̀kan fún kílíìkì, èkejì fún àwọn tó jókòó tì wọ́n. Bí ohùn bá ń lọ sílẹ̀ ní òpin orin, wọ́n ní láti dín kílíìkì kù, torí ó lè jò jáde láti inú hẹ́dífóònù wọ inú máìkì, kó sì ba ohùn tó dùn jù lọ jẹ́. Ó máa ń rẹ ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Orin rẹ̀ á le gbagidi bí ẹni ń ka òǹkà, nítorí ẹ̀rù kílíìkì ń bà á. Ohun tí olùkọ́ rere máa ń ṣe ni kó dá a padà sínú orin tí kò ní kílíìkì, irú ti Brahms tàbí Mahler, níbi tí orin ti ń sún síwájú, tó sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀, kó kọ́ bí gbólóhùn orin ṣe ń mí. Bó bá padà sí sitúdíò, ó máa mọ bó ṣe lè fi ẹ̀mí sáàárín ìró méjì láìkúrò lójú ìlù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kílíìkì ń pa orin. N kò gbà. Ẹ̀kọ́ tí kò pé ló ń pa á.

Gbogbo orin fíìmù kọ́ ló tilẹ̀ ń lo kílíìkì. Bí orin bá nílò kó fà, kó sún, adarí á máa wo àwòrán, ìlà kan á sì máa sún láti òsì lọ sí ọ̀tún lójú rẹ̀. Bó bá dé etí, ìmọ́lẹ̀ á bù yẹ̀rì, ibẹ̀ sì ni ìlù gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Orúkọ Alfred Newman, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka orin ní ilé-iṣẹ́ Twentieth Century-Fox, ni wọ́n ṣì fi ń pe ọ̀nà yìí. Nínú irú rẹ̀, ojú ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára adarí, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ilé orin.

Ẹ̀kọ́ kẹta kò hàn sójú rárá: ìkóra-ẹni-níjàánu. Máìkì ń gbọ́ bàtà tó ń han, àga tó ń ké, ìwé tí a ṣí kíákíá. Bí ohùn ìkẹyìn bá ti dún tán, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró bí ère títí ìró á fi pòórá nínú yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí sókè. Orin tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèré tún gba kí ènìyàn ta fayolín jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, láìfi ara rẹ̀ hàn, síbẹ̀ kí ohùn náà má gbẹ. Nígbà míì wọ́n á tilẹ̀ gba àwọn olókùn sílẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn onídẹ lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń po ohùn pọ̀ lè dín ọ̀kan kù bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò á wá máa ta orin tí ihò ńlá wà láàárín rẹ̀, tí àwọn tó máa dí i kò tíì dé. Bí kò bá mọ bí orin odindi ṣe máa ń rí, kò ní mọ ìwọ̀n agbára tó yẹ kó lò.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ́kẹ́sítírà ọ̀dọ́ kan fi ń kọ́ni ní méjèèjì pa pọ̀. Èyí tí mo máa ń tọ́ka sí jù ni American Youth Symphony ní Los Angeles, ìlú tí fíìmù ti jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mehli Mehta, ọmọ Íńdíà tó ń ta fayolín, tó tún jẹ́ bàbá adarí olókìkí Zubin Mehta, ló dá a sílẹ̀ ní 1964, ó sì darí rẹ̀ títí di 1998. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ nígbà náà kì í san owó ẹ̀kọ́. Wọ́n ń ṣe àwọn símfónì ńláńlá, wọ́n sì tún ya ètò kan sọ́tọ̀ fún orin fíìmù, tí wọ́n ń gbé e ka iwájú èrò pẹ̀lú irú ìmúra kan náà. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó dín díẹ̀, ọ́kẹ́sítírà náà kógbá sílé ní 2024 nítorí owó. Ó dùn mí, torí irú ibẹ̀ kò pọ̀. Ní ìlú kan náà, ọ́kẹ́sítírà àgbà Los Angeles ń bójú tó YOLA (Youth Orchestra Los Angeles), tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, fún àwọn ọmọ àdúgbò tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Ọ̀dọ̀ ètò El Sistema ti orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúẹ́là, tí José Antonio Abreu dá sílẹ̀ ní 1975, ni wọ́n ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Britain ti ní ọ́kẹ́sítírà ọ̀dọ́ ti orílẹ̀-èdè láti 1948. Chi-chi Nwanoku, tó ń ta dọ́bù béèsì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ọ́kẹ́sítírà Chineke! sílẹ̀ ní London ní 2015 fún àwọn olórin dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe funfun, ó sì ní ti àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ṣì rò pé orin fíìmù jẹ́ ìran mìíràn, kó wo ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Max Steiner, tó kọ orin fíìmù King Kong ní 1933, ọmọ Vienna ni. Erich Korngold náà dàgbà ní Vienna, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ọmọ àràmàǹdà, tó ti kọ opẹrá kó tó lọ sí Hollywood. Nígbà tí àwọn Násì gba Ọ́sítríà ní 1938, Amẹ́ríkà ló fi ṣe ilé, torí Júù ni. Nígbà tó yá, ó mú àwọn ohùn tó ti kọ fún fíìmù, ó fi wọ́n ṣe kọnṣẹ́tò fún fayolín, ìyẹn orin tí fayolín kan ti ń ṣáájú ọ́kẹ́sítírà, Jascha Heifetz, olókìkí tó ń ta fayolín, sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1947. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ kọnṣẹ́tò yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ orin kilásíkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú sinimá ni ohùn rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí John Williams fẹ́ gba orin Star Wars sílẹ̀ ní 1977, London Symphony Orchestra ló pè, ọ́kẹ́sítírà ilé orin.

Ọmọ tiwa wà nínú ìtàn yìí. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, kọrin lọ́mọdé ní Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó, lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń darí orin níbẹ̀. Ó lọ sí London, ó kọ́ dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì (organ) dé ibi gíga, ó sì tún ń ṣe jáàsì. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó ṣiṣẹ́ orin fún ẹ̀ka fíìmù tí ìjọba Britain ń lò fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Àkókò yẹn náà, ní 1944, ló kọ African Suite fún àwọn olókùn. Ọwọ́ kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Ó ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta fayolín ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta máa ń mọ Vivaldi kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ohùn ilẹ̀ Áfíríkà sì ti dé àárín ọ́kẹ́sítírà fíìmù gan-an. Ludwig Göransson, ọmọ Sweden, rìnrìn àjò lọ sí Senegal pẹ̀lú olórin Baaba Maal kó tó kọ orin fíìmù Black Panther, ó sì fi ìlù tama, tó jẹ́ ìbátan gángan wa, gbé orin ọba inú fíìmù náà. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un ní 2019. Ọ̀dọ́ tó mọ ìlù tó ń fọhùn, tó sì mọ nóòtì kà, ní ohun tí ọ̀pọ̀ sitúdíò kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Òótọ́ ni pé fíìmù tí owó rẹ̀ kò pọ̀, títí kan ọ̀pọ̀ tiwa nílé, orí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe orin rẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jókòó sínú ọ́kẹ́sítírà rí máa ń kọ ohun tí kò ṣeé fọn. Kọ̀ǹpútà kì í mí, nítorí náà á kọ ohùn gígùn fún fúlúùtù láìsí ibi tí ènìyàn á ti fa èémí, á sì yà á lẹ́nu ní ọjọ́ tí owó bá dé, tí ènìyàn gidi bá jókòó síwájú rẹ̀.

Fún òbí tó wà ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON (Musical Society of Nigeria) ní Oníkàn, Èkó, ti wà láti 1989. Ó ń kọ́ ọmọdé, ó sì ń fúnni ní dípúlómà. Àwọn ìdánwò orin ti Britain tó ní gírédì 1 dé 8 ṣeé ṣe níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní kọ́yà tó ń ka nóòtì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó dára láìsanwó. Bí ọmọ kò bá tíì yan ohun èlò, ẹ jẹ́ kó gbọ́ fíólà, básúùnù àti dọ́bù béèsì pẹ̀lú. Àwọn tó ń ta fayolín pọ̀, gbogbo ọ́kẹ́sítírà ló sì ń wá àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Kó máa ka orin tí kò rí rí lójoojúmọ́, ojú ewé híìmù kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀, láìdúró bó bá ṣìṣe. Kó fi mẹtirónóòmù orí fóònù, tó ń lù déédéé bíi kílíìkì, sí etí kan, kó máa ta orin tó mọ̀ dáadáa bá a.

Èyí tó bá sì jẹ́ pé kíkọ orin ló ń wù ú, kó mú ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù kan, kó pa ohùn rẹ̀, kó kọ orin sí i fún ènìyàn mẹ́rin tó mọ̀ nínú kọ́yà tàbí ní ilé ìwé: fayolín kan, kilarinẹ́ẹ̀tì kan, ohunkóhun tó bá wà. Kó jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí àwòrán ti ń lọ. Bí wọ́n bá parí, kó bi wọ́n níbi tó nira àti ibi tí èémí kò ti tó, kó sì tún un kọ kí ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.